Imú Màmá Rayfield

Ìyá tó bí ìyá mi kì í jókòó pẹ́. Bí ẹ bá bá a lórí àga, ẹ ò ní tíì kí i tán tí yóò fi dìde, yóò gba kọ́rídọ̀ lọ sí ìdí fìríìjì, yóò ṣí i, yóò ti orí bọ inú rẹ̀, yóò tún pa á dé. Kì í mú nǹkan kan jáde. Ó kàn ń wò ó bóyá ohun tó fi síbẹ̀ ní wákàtí kan sẹ́yìn ṣì wà bó ṣe wà ni. Ní ọ̀sẹ̀ tí a sin ín, àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ó fẹ́ràn àdúrà, wọ́n ní ó kó gbogbo èèyàn mọ́ra. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tí èmi mọ̀, ìdí fìríìjì ló wà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú, ó ń gbóòórùn abọ́ ọbẹ̀ kan tí kò sẹ́ni tó rántí ọjọ́ tí wọ́n sè é. N kò lè sọ ìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò ti jẹ́ kí n jókòó.

Nasarawa Gwong ní Jos la ń gbé, ṣùgbọ́n Màmá Rayfield ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí Rayfield ni òun àti bàbá àgbà ti lo ọ̀pọ̀ ọdún, nínú yàrá kan tó wà lẹ́yìn ilé òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ìwakùsà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá. Bàbá àgbà ni kúùkù òyìnbó náà. Nígbà tí òyìnbó ń padà sí ìlú rẹ̀, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ó fi fìríìjì rẹ̀ ta bàbá àgbà lọ́rẹ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bàbá àgbà a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó gbé fìríìjì wọ Jos dà bí ẹni tó ru omi lọ sódò, pé bí a bá gbé ọbẹ̀ sójú fèrèsé nígbà ọyẹ́, yóò dì fúnra rẹ̀. Ó kú kí n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Màmá ló wá ni fìríìjì.

Agolo bọ́tà kan wà nínú ẹrù òyìnbó yẹn tí wọn kò tíì ṣí. Ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, gbogbo nǹkan ni mò ń kà: pátákó ìtajà, orí àpò ìrẹsì, ìdí ìkòkò. Ni mo bá yí agolo bọ́tà náà dojú dé, mo sì ka ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Ó ti kọjá tipẹ́. Mo sáré lọ sọ fún Màmá, mo rò pé yóò yìn mí.

Ó gba agolo náà lọ́wọ́ mi, ó wo ìdí rẹ̀ bí ẹni tó lè kà á. Ó bi mí pé ta ló kọ ọ́. Mo ní àwọn tó ṣe é ni. Ó bi mí bóyá wọ́n mọ ibi tí òun gbé e sí. Mo ní wọn ò lè mọ̀. Ó wá ọ̀bẹ, ó fi ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ìka bù ú sẹ́nu, ó sì wo òkè àjà títí. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi fi bọ́tà yẹn jẹ búrẹ́dì, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn ni pé: "Ẹni tó kọ ọjọ́ sí i kò sí níbí. Èmi ni mo wà níbí."

Ó ní bó ṣe ń ṣe é. Bí oúnjẹ bá ti pẹ́ nínú fìríìjì, yóò kọ́kọ́ ṣí ìdérí rẹ̀, yóò sì kúrò níbẹ̀ díẹ̀, ó ní òórùn àkọ́kọ́ máa ń purọ́. Lẹ́yìn náà yóò gbé imú sún mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ẹran, yóò fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò wò ó bóyá ó ń yọ̀. Bó bá jẹ́ ọbẹ̀, yóò gbọn abọ́ náà, yóò wo bó ṣe ń rìn. Bí kò bá tíì dá a lójú, yóò fi orí ahọ́n tọ́ ọ wò, yóò tu ú dànù, yóò sì dúró. Bí iyèméjì bá ṣì kù, yóò jẹ ṣíbí kan, á wá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí oòrùn yóò fi kúrò lójú ilẹ̀kùn wa.

Ìdúró yẹn ló máa ń pa mí lára. Kì í lè jókòó dúró dè é. Yóò gbálẹ̀ tí wọ́n ti gbá. Yóò ṣa ẹ̀wà tí wọ́n ti ṣà. Yóò tú gèlè, yóò tún un wé. Èmi náà yóò máa tẹ̀ lé e káàkiri àgbàlá, mò ń wo ikùn rẹ̀, mò ń wo ojú rẹ̀, mò ń retí ìgbà tí yóò ṣubú. Mo lè má ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ ní ọjọ́ tí mo bi í pé bí oúnjẹ náà bá pa á ńkọ́. Kò tilẹ̀ dúró níbi tó ti ń gbálẹ̀. Ó ní: "Nígbà náà, ẹ̀yin á mọ̀ pé kò dáa."

Òkìkí imú rẹ̀ kàn. Àwọn aládùúgbò a gbé oúnjẹ wá bí ẹni gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ládì, obìnrin Hausa tó wà ní ojúlé kejì, a gbé igbá fúrá dání, a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ní, "Mama, duba mana," pé kí ó bá òun wò ó. Lẹ́yìn Iléyá, ẹran àgbò á wá láti ojúlé mẹ́rin, márùn-ún. Bó bá dáa, yóò kàn mi orí. Bí kò bá dáa, Hausa ló fi máa ń dá ẹjọ́ náà, ìbáà jẹ́ ọmọ Yorùbá ló gbé e wá: "A zubar." Ẹ dà á nù. Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn lẹ́yìn ìyẹn.

Ìyá mi nìkan ló ń bá a jiyàn. Olùkọ́ ni ìyá mi, Jos ni wọ́n bí i sí, kò sì gbàgbọ́ nínú ìkàsì rárá. Lójú tirẹ̀, oúnjẹ tó bá ti sun ọjọ́ mẹ́ta, ilẹ̀ ló ni ín. Lọ́dún tí àwọn èèyàn ń tò sí ìlà nítorí mílíìkì àti ṣúgà, tí gbogbo nǹkan wọ́n, ó da abọ́ ẹ̀wà kan nù sẹ́yìn ilé nígbà tí Màmá lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin. Màmá dé, ó ṣí fìríìjì, ó rí àyè tó ṣófo. Ó jáde lọ sẹ́yìn ilé, ó wo ẹ̀wà nílẹ̀, ó sì wọlé padà. Ìyá mi ti ń múra ìjà sílẹ̀. Màmá kò pariwo. Ó ní kí ìyá mi dárúkọ ẹnì kan tí kò tíì jẹun lónìí ní àdúgbò yẹn. Gbogbo wa mọ̀ wọ́n. "Kí èèyàn tó da oúnjẹ nù," ni Màmá wí, "kó kọ́kọ́ pe orúkọ ẹni tí kò jẹ."

Ìyá mi sunkún lọ́jọ́ náà. Òun ló sì sọ fún mi, nígbà tí omijé dá, ìdí tí ìyá òun fi rí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kọ́ ni àkọ́bí. Ọmọbìnrin kan ti wà ṣáájú òun, ọmọ ọdún mẹ́ta, tó ń jẹ́ Ọmọlará. Ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n dé Jos, ebi ń pa wọ́n, ẹnì kan sì fún Màmá ní ìyókù oúnjẹ láti ibi àsè kan. Ó gbóòórùn rẹ̀. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ojú tì í láti da oúnjẹ tí wọ́n fún un nù, ebi sì ń pa ọmọ. Ó fún un jẹ, ìgbẹ́ gbuuru sì pa Ọmọlará láàárín ọjọ́ méjì. Màmá fúnra rẹ̀ kò bá mi sọ ọ́ rí, àfi ẹ̀ẹ̀kan tí mo dárúkọ ọmọ náà láìròtẹ́lẹ̀. Ó ń ge àlùbọ́sà. Ó ní, "Mo gbọ́ òórùn ẹ̀, mo sì ní kò ṣe nǹkan kan," ó sì ń ge àlùbọ́sà rẹ̀ lọ.

Ìyẹn ni ìdààmú rẹ̀. Kò lè da oúnjẹ nù, kò sì lè gbà á gbọ́. Àárín méjèèjì ló ń rìn kiri láti àárọ̀ di alẹ́.

Mo wà ní kíláàsì kẹta sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí ọyẹ́ kan mú wa gidi. Ọ̀fìnkìn dá Màmá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fìríìjì bó ṣe máa ń ṣí i. Lọ́jọ́ kan mo ti ilé ìwé dé, mo bá a tó ń já ẹ̀fọ́ ní ilé ìdáná, ó kẹ̀yìn sí ìkòkò ẹ̀wà tó ti jóná dúdú. Mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ojú títì. Mo sáré gbé e kalẹ̀. Ó yíjú, ó rí èéfín, ó ní òun mọ̀, pé òun fẹ́ kó jóná díẹ̀ ni.

Inú mi kò balẹ̀. Mo ṣe ohun kan tí n kò fi yangàn. Mo ki okùn àtùpà bọ inú kẹrosíìnì, mo fi ọwọ́ bò ó, mo gbé e sí imú rẹ̀, mo ní kó gbóòórùn lọ́fínńdà tuntun tí ọ̀rẹ́ mi fún mi. Ó fà á símú dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fọwọ́ kàn mí léjìká. "Àbẹ̀kẹ́," ó ní, "ó ń ta sánsán."

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òun náà kò sọ. Àwọn èèyàn ń gbé oúnjẹ wá, ó ń gbé imú sí i, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń gbọn abọ́. Mo wá rí i pé ó ti ń fi ahọ́n tọ́ gbogbo nǹkan wò, kódà oúnjẹ àná, ó sì ń dúró de oòrùn lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ó rù.

Ìyá Délé ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Rayfield. Kabong lòun ń gbé. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ bímọ ní àárín òjò, wọ́n sì fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ. Ìyá Délé ní ẹran màlúù tó pọ̀ nínú fírísà, èyí tí wọ́n ti rà sílẹ̀ láti ìgbà Kérésìmesì. Iná ti lọ, iná ti dé, àìmọye ìgbà. Ẹran náà ti yọ́, ó sì ti tún dì. Kí wọ́n tó sè é, ó ránṣẹ́ sí Màmá pé kó wá bá òun wò ó. Mo tẹ̀ lé e lọ.

Wọ́n ti kó ẹran náà sínú bàsíà ńlá. Àwọn obìnrin mẹ́fà, méje dúró yí i ká. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó gbé imú sún mọ́ ọn, ó tẹ̀ ẹ́ níbí, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Kò lè fi ahọ́n tọ́ ẹran tútù wò lójú gbogbo wọn. Ó gbójú sókè wò mí. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, n kò gbọ́ òórùn kankan níbẹ̀ ju ti àlùbọ́sà lọ, n kò sì ṣí ẹsẹ̀. Ó nara dìde. Ó ní, "Ẹ sè é."

Nígbà tí a délé, ó gbálẹ̀. Ó fọ aṣọ tó mọ́. Ó ṣí fìríìjì, ó pa á dé, ó ṣí i, títí ìyá mi fi ní kó ṣàánú ilẹ̀kùn ọ̀hún. Nírọ̀lẹ́, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé, ó bi mí bí ẹran yẹn ṣe ń rùn. Mo ní n kò sún mọ́ ọn.

"Èmi sún mọ́ ọn," ó ní. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ilẹ̀ mọ́, ó ti wọṣọ kí n tó jí. Ó ró ìró rẹ̀ lódì, n kò sì láyà láti sọ fún un. Kò dúró de bọ́ọ̀sì. A fẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀, òjò ń ṣẹ́ wínníwínní, ó ń lọ níwájú mi bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dúró, tó kọjú padà sí ọ̀nà ilé, tí mo rò pé a ó padà. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ló tún yí padà tó ń lọ.

Ọbẹ̀ ti wà lórí ààrò nígbà tí a dé. Wọ́n ti to àga, àlejò díẹ̀ ti jókòó. Ìyá Délé rí i, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó rò pé ó tètè wá bá òun ṣiṣẹ́ ni. Màmá kò gba ọwọ́ náà. Ó sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo àwọn tó wà ní ìdí iná lè gbọ́.

"Ìyá Délé, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n bu ẹran yẹn fún ẹnikẹ́ni. Imú mi ti kú. Ó ti ń lọ sí ọdún kan. Irọ́ ni mo pa fún ọ lánàá."

Ojú Ìyá Délé yí padà. Ó bi í bóyá ohun tó ń sọ ni pé ẹran náà ti bàjẹ́.

"Mi ò mọ̀," ni Màmá wí. "Ohun tí mo wá sọ nìyẹn. Mi ò mọ̀."

Wọ́n gbé ìdérí kúrò. Obìnrin kan ní kò sí nǹkan tó ṣe é, òmíràn fajú ro. Ata, kọ́rì àti ewé ti wọ inú ẹran náà, kò sẹ́ni tó lè dá òórùn kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì mọ́. Ìyá Délé ní àlejò ti ń wọlé, ní ojú ta ni òun ó gbé ìkòkò òfìfo sí. Ìyá ọmọ tuntun ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ó jáde láti yàrá, ó gbé ọmọ sáyà, ó ní kí wọ́n dà á nù. Wọ́n gbẹ́ ihò lẹ́yìn ilé, wọ́n da ìkòkò méjì sí i. Ìrẹsì àti ẹyin sísè làwọn àlejò jẹ. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń rẹ́rìn-ín sí ìrẹsì tí kò lẹ́ran. Màmá jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi sọ ọmọ lórúkọ tán, ó jókòó gbọn-in, wọ́n ń wò ó.

Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Délé ránṣẹ́ sí i. Ajá àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti hú ẹran náà, ó ti jẹ ẹ́ yó, kò sì kú, ara rẹ̀ le koko. Gbogbo ohun tó wà nínú iṣẹ́ tó rán nìyẹn. Ọdún méjì ni kò fi bá Màmá sọ̀rọ̀. Ọmọ tó jíṣẹ́ náà dúró, ó ń retí èsì. Màmá ní, "Sọ fún un pé inú mi dùn sí ajá náà."

Kò sẹ́ni tó gbé oúnjẹ wá mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ládì nìkan ló ṣì ń gbé fúrá rẹ̀ wá. Màmá a gbà á, a gbé e fún mi, a ní kí n máa bá òun gbóòórùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di imú rẹ̀. Bí mo bá ti wà nílé, mo gbọ́dọ̀ gbóòórùn gbogbo abọ́. Nígbà tí mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, yóò tọ́jú oúnjẹ de ìsinmi mi, ìyá mi yóò sì máa bínú.

Ìsinmi ọdún kejì ni mo wà. Lẹ́tà kan dé fún mi, láti ọwọ́ ẹnì kan tí mo rò pé màá fẹ́. Ó kọ ọ́ láti sọ pé òun kò ní fẹ́ mi mọ́. Mo wà lórí ibùsùn, mò ń kà á lẹ́ẹ̀kẹta, nígbà tí Màmá gbé abọ́ ẹ̀gúsí dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ní láti ọjọ́ mélòó kan ló ti wà nínú fìríìjì. Ó nawọ́ rẹ̀ sí mi. N kò dìde. Láti ibi tí mo wà, mo ní, "Ó dáa, Màmá."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni èébì bẹ̀rẹ̀. A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìyá mi ń béèrè ohun tó jẹ. Màmá ní òtútù ni. Mo dúró sí ẹsẹ̀ ibùsùn, mo gbọ́ ọ, mo sì panu mọ́. Ó padà sílé, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Nígbà tó kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló rẹ̀. Ìyá mi ní ọjọ́ orí ni. Mo ti bi dókítà mìíràn lẹ́yìn náà, ó ní ọ̀rọ̀ èébì àti ọ̀rọ̀ ọkàn kò tan mọ́ra wọn. Mo gbọ́. Kò fún mi lóorun.

Ìyá mi kò tíì mọ̀, àfi ìgbà tó bá ka ohun tí mò ń kọ yìí. Màmá mọ̀, nítorí mo sọ fún un. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́jọ kí n tó lè sọ ọ́. Ọ̀sán kan ni, ó dùbúlẹ̀, mo jókòó tì í, mo ti ń rìn yí ilé ká láti àárọ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ̀gúsí ọjọ́ yẹn, mi ò gbóòórùn ẹ̀. Mi ò tilẹ̀ dìde."

Mo ń retí kí ó bínú. Mo fẹ́ kí ó bínú.

"Ṣé ìwọ náà jẹ ńbẹ̀?" ó bi mí.

Mo ní rárá.

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

Mo ní kò sẹ́ni tó jẹ ńbẹ̀ àfi òun nìkan.

Ó mí kanlẹ̀. Ó fọwọ́ pa ojú mi, ó nu ún gbẹ. "O ò tíì jẹun látàárọ̀," ó ní. "Lọ jẹun."

Mo lọ sí ilé ìdáná. Mo bu oúnjẹ, mo sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró, gbogbo rẹ̀ pátá.